A Kì Í Mọ̀ Ọ́n Rìn Kórí Má Mì: Ìtàn Bí Wọ́n Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Díyelé Ìmì Ọjà

Ohun kan wà tó máa ń ya àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà option lẹ́nu. Ẹnì kan ra option lórí ṣíà ilé-iṣẹ́ kan torí ó gbà pé ṣíà náà máa gbówó lórí. Lóòótọ́, ṣíà náà gbówó lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo àkáǹtì rẹ̀, owó rẹ̀ ti dín kù. Kò sẹ́ni tó jí i. Kò sí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ gbòdì. Ó mọ ibi tí ọjà ń lọ, ó sì tún pàdánù. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ìdáhùn wà nínú ohun tí òyìnbó ń pè ní volatility. Nínú àròkọ yìí, ìmì ọjà ni mo máa pè é: bí iye owó nǹkan ṣe ń lọ sókè sódò tó, láìka ibi tó kọrí sí. Àwọn àgbà ní a kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí má mì. Kò sí ọjà tí orí rẹ̀ ò mì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé mímì orí yẹn gan-an ti di ọjà fúnra rẹ̀. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á, ó sì níye. Ó ti sọ àwọn kan di olówó, ó sì ti gba owó ńlá lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó gba ẹ̀bùn Nobel. Lónìí tó jẹ́ pé fóònù ọwọ́ ẹni ti tó láti fi ra option, ó yẹ kéèyàn mọ ìtàn rẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnnì.

Àsansílẹ̀ Thales

Option ti wà tipẹ́tipẹ́ kí Amẹ́ríkà tó wà. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì, sọ ìtàn kan nínú ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Politics, nípa Thales ará ìlú Miletus. Wọ́n ń fi Thales ṣe yẹ̀yẹ́ pé tálákà ni, pé ọgbọ́n orí rẹ̀ ò mówó wọlé. Aristotle ní Thales wo ojú ọ̀run, ó sì rí i pé èso ólífì máa pọ̀ gan-an ní ìkórè tó ń bọ̀. Nígbà òtútù, tẹ́nikẹ́ni ò tíì ronú kan ìkórè, Thales san àsansílẹ̀ kékeré lórí gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún òróró ólífì ní Miletus àti ní erékùṣù Chios. Torí pé kò sẹ́ni tó ń bá a du wọ́n, owó pọ́ọ́kú ló san. Nígbà tí ìkórè dé, tí gbogbo èèyàn ń wá ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀dọ̀ Thales ni wọ́n ti ń yá a, iye tó bá sì wù ú ló ń gbà.

Ẹ wo ohun tó ṣe dáadáa. Thales ò ra ẹ̀rọ kankan. Ẹ̀tọ́ ló rà, ẹ̀tọ́ láti lo ẹ̀rọ tó bá wù ú. Ká ní ìkórè kùnà ni, àsansílẹ̀ yẹn nìkan ni ì bá pàdánù. Bí option ṣe rí títí dòní nìyẹn. Ẹni tó ra call ti ra ẹ̀tọ́ láti ra ṣíà ní iye kan tí wọ́n ti fẹnu kò sí, kí ọjọ́ àdéhùn tó pé. Ẹni tó ra put ti ra ẹ̀tọ́ láti tà á ní iye tí wọ́n fẹnu kò sí. Kò di dandan kó lo ẹ̀tọ́ náà. Ṣùgbọ́n owó tó fi rà á ti lọ nìyẹn, kò ní padà wá.

Àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ìtàn yìí láti yin Thales. Ẹ jẹ́ ká wò ó lójú ẹni tó ni ẹ̀rọ. Kí ló dé tó fi gba owó pọ́ọ́kú? Lójú tiẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ ò ní yàtọ̀ sí ti èṣí. Kò rí ìdí tí owó yíyá ẹ̀rọ fi máa fò sókè lójijì. Ẹni tó bá gbà pé nǹkan ò ní mì, tówótówó kọ́ ló máa ta ẹ̀tọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí á máa padà wá bá wa.

Ọjà Amsterdam àti ìṣirò kékeré kan

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Amsterdam ni ojúkò òwò ṣíà lágbàáyé. Dutch East India Company, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1602, ń rán ọkọ̀ ojú omi lọ sí Éṣíà láti kó ata àti àwọn èròjà ọbẹ̀ mìíràn wá. Ọkọ̀ lè dé láyọ̀, ọkọ̀ lè rì, ogun lè bẹ́ sílẹ̀. Ìròyìn kan ṣoṣo tó lè gbé ṣíà náà sókè, òmíràn lè já a lulẹ̀ lọ́la. Ní 1688, Joseph de la Vega, oníṣòwò Júù kan tí ìdílé rẹ̀ ti Spéènì wá, kọ ìwé kan ní èdè Spéènì, ó sì pè é ní Confusión de confusiones. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan, oníṣòwò kan àti ẹnì kan tó ń náwó sí ṣíà ló ń fọ̀rọ̀ jomi toro ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ option wà níbẹ̀ kedere. Àwọn ará Amsterdam ti mọ̀ ọ́n rà, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n tà.

Ohun tí wọn ò ní ni ọ̀nà láti mọ̀ bóyá iye tí wọ́n ń san tọ́. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó, bí ẹni tó ń ná aṣọ lọ́jà. Kí ló ń jẹ́ kí option kan wọ́n ju òmíràn lọ? Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kékeré ṣe é.

Ká sọ pé ṣíà méjì wà, 100 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lónìí. Tó bá fi máa di oṣù tó ń bọ̀, ti àkọ́kọ́ á ti di 102 tàbí 98. Èkejì á ti di 130 tàbí 70. Àǹfààní àtilọ sókè àti àtilọ sódò dọ́gba fún méjèèjì. Tó bá jẹ́ ṣíà gan-an lẹ rà, ìpíndọ́gba méjèèjì ò yàtọ̀ síra: 100 dọ́là náà ni. Ó dáa. Tó bá wá jẹ́ call lẹ rà ńkọ́, èyí tó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ṣíà náà ní 100? Lórí ti àkọ́kọ́, ẹ ó jèrè 2 dọ́là tó bá lọ sókè. Tó bá lọ sódò, ẹ ò ní lo ẹ̀tọ́ yín, òfo ni. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 1 dọ́là. Lórí èkejì, 30 dọ́là tàbí òfo ni. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 15 dọ́là.

Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó sọ pé ṣíà kejì máa gbówó lórí. Ó kàn ń mì ju àkọ́kọ́ lọ ni, síbẹ̀ option rẹ̀ fi ìlọ́po 15 wọ́n jù ú lọ. Tẹ́ ẹ bá fi put dán an wò, iye kan náà lẹ máa rí. Ìdí ni pé ẹni tó ni option ń jẹ nínú èrè tí mímì bá mú wá, àdánù rẹ̀ ò sì lè ju owó tó san lọ. Torí náà, bí orí ṣíà bá ṣe ń mì tó ni owó option rẹ̀ ṣe máa ń pọ̀ tó. Òkodoro ọ̀rọ̀ tó wà nídìí gbogbo ìtàn yìí nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Paris

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1900, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Louis Bachelier gbèjà iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Paris. Théorie de la spéculation ló pè é. Henri Poincaré, ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ìṣirò tó lókìkí jù lọ nígbà náà, wà lára àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ọ̀rọ̀ ọjà kì í ṣe ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ń kọ lé lórí láyé ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n Bachelier béèrè ìbéèrè kan tó jinlẹ̀: tí a ò bá lè mọ ibi tí owó ọjà ń lọ, ǹjẹ́ a lè mọ bó ṣe lè jìnnà tó sí ibi tó wà?

Yorùbá ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Bachelier gbà bẹ́ẹ̀, ó sì fi ìṣirò gbé e. Ó ní ká rò ó bíi pé ní gbogbo ìṣẹ́jú, owó ọjà lè gbé ẹsẹ̀ kékeré sókè tàbí sódò, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìṣísẹ̀, ó máa jìnnà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kì í jìnnà bí àkókò ṣe gùn tó. Tí àkókò bá di ìlọ́po mẹ́rin, ìjìnnà náà á di ìlọ́po méjì péré. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Albert Einstein lo irú ìṣirò kan náà láti fi ṣàlàyé bí ẹ̀rún kéékèèké ṣe ń ta gìrìgìrì kiri nínú omi.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ò ka iṣẹ́ Bachelier sí rárá. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí Paul Samuelson ní Amẹ́ríkà tó ṣàwárí rẹ̀, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi han àwọn ẹlòmíràn.

Chicago, 1973

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1973, wọ́n ṣí Chicago Board Options Exchange, tí gbogbo èèyàn ń pè ní CBOE. Yàrá tí àwọn oníṣòwò ọkà ti ń fa sìgá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n lò. Ilé-iṣẹ́ 16 péré ni wọ́n ń ta option lórí ṣíà wọn, call nìkan sì ni. Put ò dé ibẹ̀ títí di 1977. Àdéhùn 911 ni wọ́n tà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Láàárín oṣù yẹn síra ni Fischer Black àti Myron Scholes tẹ àròkọ wọn jáde nínú Journal of Political Economy. Wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn ṣáájú, wọ́n sì ti dá a padà. Robert Merton náà tẹ tiẹ̀ jáde lọ́dún kan náà. Ohun tí àwọn mẹ́ta yìí ṣe ni pé wọ́n rí fọ́múlà tó ń sọ iye tó yẹ kí option jẹ́. Fọ́múlà náà ń béèrè nǹkan márùn-ún: iye tí ṣíà jẹ́ lónìí, iye tí wọ́n fẹnu kò sí nínú àdéhùn, ọjọ́ tó kù, èlé orí owó, àti bí ṣíà náà ṣe ń mì tó.

Ẹ tún wò ó. Mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ lè kà wọ́n lójú ìwé. Èkarùn-ún ńkọ́? Kò sẹ́ni tó lè rí i. Ohun tí ṣíà ṣe lánàá la mọ̀. Bó ṣe máa mì lọ́la ni fọ́múlà ń béèrè. Ẹ wá wo ohun kan tí kò sí nínú márààrún: kò sí ibi tí wọ́n ti bi yín bóyá ṣíà á lọ sókè tàbí á lọ sódò. Ohun tí gbogbo èèyàn ń jiyàn lé lórí, fọ́múlà ò tiẹ̀ béèrè rẹ̀.

Black fúnra rẹ̀ ń ṣírò iye option, ó ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó sì ń tà á fún àwọn oníṣòwò kí wọ́n lè mú un dání lọ sójú ọjà. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ ìṣirò àtẹ̀lẹwọ́ fi gba iṣẹ́ yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ronú pé ká yí fọ́múlà náà padà. Ní 1976, Henry Latané àti Richard Rendleman tẹ iṣẹ́ kan jáde tó fi ọ̀nà náà hàn. Dípò ká méfò ìmì ká tó mọ iye option, ẹ jẹ́ ká mú iye tí wọ́n ń ta option lọ́jà, ká wá béèrè pé: mélòó ni àwọn tó ń rà á gbà pé ṣíà náà máa mì?

Látìgbà náà ni ìmì ti di oríṣi méjì. Ọ̀kan ni ìmì tó ṣẹlẹ̀, èyí tí a lè wọ̀n nígbà tó bá ti kọjá. Èkejì ni ìmì tí wọ́n ń retí, èyí tó fara pa mọ́ sínú owó option. Ẹni tó ra option ti san owó ìmì tí wọ́n ń retí. Ìmì tó bá ṣẹlẹ̀ ló máa san án padà fún un. Tí èyí tó ṣẹlẹ̀ bá kéré sí èyí tí wọ́n retí, ó ti ra ọjà ọ̀wọ́n nìyẹn.

Wọ́n máa ń sọ ìmì gẹ́gẹ́ bí ìdá nínú 100 lọ́dún. Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ pín in sí 16. Tí wọ́n bá ní ìmì ṣíà kan jẹ́ 16, ó túmọ̀ sí pé lọ́pọ̀ ọjọ́, kò ní sún ju ìdá 1 nínú 100 lọ sókè tàbí sódò. Tó bá jẹ́ 32, ìdá 2 ni. Tó bá jẹ́ 80, ìdá 5 ni lójúmọ́, ẹni tó bá sì wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀ ò ní rí oorun sùn. Ìdí tó fi jẹ́ 16 ni pé nǹkan bí ọjọ́ 252 ni ọjà ń ṣí lọ́dún. Ẹ rántí Bachelier: ìmì kì í pọ̀ bí ọjọ́ ṣe pọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n bá fi sọ ara rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ tó di 252 ò jìnnà sí 16.

Ọjọ́ Ajé tí gbogbo èèyàn gba ẹnu ọ̀nà kan sá

Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìgboyà ti wọ ọjà. Hayne Leland àti Mark Rubinstein, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berkeley, ronú nípa ohun tí wọ́n pè ní portfolio insurance. Adójútòfò ni, àmọ́ kò sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò nídìí rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ní ṣíà púpọ̀ ò nílò àtira put. Kó kàn máa tà díẹ̀díẹ̀ bí ọjà bá ṣe ń já wálẹ̀. Fọ́múlà á sọ iye tó máa tà fún un, á sì rí bí ẹni tó ní put lọ́wọ́. Àwọn àjọ ńláńlá tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì tẹ́wọ́ gbà á.

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1987, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjà já díẹ̀, fọ́múlà ní ẹ tà. Wọ́n tà, ọjà já sí i. Fọ́múlà ní ẹ tún tà. Ta ló ń rà? Kó tó dìrọ̀lẹ́, Dow Jones ti já ní 508, ìyẹn ìdá 22.6 nínú 100, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò tíì sí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ látìgbà náà. Ọjà tó sábà máa ń sún ní ìdá 1 lójúmọ́ wá sún ní ìdá tó ju 22 lọ. Tó bá jẹ́ ti ìṣirò tí fọ́múlà dúró lé, kò yẹ kí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wáyé rárá, bí ayé ti wù kó pẹ́ tó.

Ọ̀tọ̀ ni ọjà option lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Tẹ́lẹ̀, ìmì tí wọ́n ń retí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí gbogbo option tó jẹ́ ti ṣíà kan náà, bí fọ́múlà ṣe ní kó rí. Lẹ́yìn 1987, put tó ń dáàbò bo èèyàn lọ́jọ́ tí ọjà bá já gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n ju bí fọ́múlà ṣe sọ lọ. Tẹ́ ẹ bá yà á sórí bébà, ìlà rẹ̀ á tẹ̀ kọdọrọ bí ẹnu ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń pè é ní smile. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, ọjà ò tíì gbàgbé ejò yẹn. Ẹ ṣì lè rí i nínú iye owó put títí dòní.

Àwọn tó ta agboòrùn lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀

Ní 1993, CBOE gbé nọ́ńbà kan jáde tí Robert Whaley ṣètò rẹ̀: VIX. Ìmì tí ọjà Amẹ́ríkà ń retí láàárín oṣù kan ló ń wọ̀n, látinú iye tí wọ́n ń ta option. Wọ́n ń pè é ní òṣùwọ̀n ìbẹ̀rù. Bí ọkàn gbogbo èèyàn bá balẹ̀, ó máa ń wà ní 12 tàbí 15. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń ti ayé pa, ó parí ọjọ́ ní 82.69.

Tí ìbẹ̀rù bá níye, ẹnì kan lè máa tà á. Òwò yìí dùn gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìmì tí àwọn èèyàn ń retí máa ń ju èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í ná ọjà púpọ̀. Ẹni tó bá ń ta option á máa rí owó díẹ̀díẹ̀ gbà, oṣù dé oṣù, bí ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò pé tí òjò bá rọ̀, òun máa fún olúkúlùkù wọn ní agboòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí òwò tó dà bíi rẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni iye agboòrùn tó ní nílé.

Long-Term Capital Management bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994 lábẹ́ John Meriwether. Scholes àti Merton wà lára àwọn tó ni ín. Ní 1997, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí option. Black ti kú ní 1995, wọn kì í sì í fún òkú. Ilé-iṣẹ́ yìí wo option ọlọ́jọ́ gígùn, wọ́n rí i pé ìmì tí wọ́n ń retí nínú rẹ̀ ti pọ̀ ju bí ọjà ṣe máa ń mì látẹ̀yìnwá lọ. Wọ́n tà á. Wọ́n ní á padà sípò. Owó tí wọ́n yá ni wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú òwò wọn.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1998, Rọ́ṣíà kéde pé òun ò ní lè san gbèsè kan tó jẹ. Ẹ̀rù ba gbogbo ọjà. Gbogbo èèyàn ń wá option ra fún ààbò, kò sẹ́ni tó fẹ́ tà. Ìmì tí Long-Term ti tà nígbà tó wọ́n tún wá wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, gbèsè ò sì jẹ́ kí wọ́n lè dúró dìgbà tó máa padà sípò. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Federal Reserve Bank of New York pe àwọn báǹkì ńlá jọ, 14 nínú wọn sì da nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.6 dọ́là jọ kí ilé-iṣẹ́ náà má bàa wó lu àwọn yòókù. Àwọn tó kọ́ ayé bí wọ́n ṣe ń díyelé ìmì ni ìmì ṣe báyìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ṣé ọjà wá kọ́gbọ́n? Ọdún 2017 ò láriwo rárá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, VIX parí ọjọ́ kan ní 9.14. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ra ohun kan tí àmì rẹ̀ ń jẹ́ XIV, ẹ kà á sẹ́yìn kẹ́ ẹ wò ó: VIX ni. Tí ìbẹ̀rù bá ń lọ sílẹ̀, XIV á máa lọ sókè. Àwọn tó rà á ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé agboòrùn làwọn náà ń tà. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2018, ọjà já, VIX sì gbéra láti 17.31 dé 37.32. Òfin XIV ni pé tí ìbẹ̀rù bá lọ sókè, ó gbọ́dọ̀ ra ìbẹ̀rù sí i kí ọjọ́ tó parí. Òun àti àwọn tó jọ ọ́ jọ ń rà á lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń fi ọwọ́ ara wọn gbé e sókè sí i. Ẹnu ọ̀nà 1987 tún nìyẹn. Kó tó di ọjọ́ kejì, XIV ti pàdánù ohun tó ju ìdá 90 nínú 100 iye rẹ̀ lọ, Credit Suisse tó gbé e jáde sì kéde pé òun máa ti í pa.

Ẹni tó mọ̀nà tó sì pàdánù

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ẹni tí ṣíà rẹ̀ gbówó lórí tó sì pàdánù. Lọ́pọ̀ ìgbà, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kéde èrè rẹ̀ lọ́la. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ṣíà náà máa fò sókè tàbí kó já lulẹ̀. Ìmì tí wọ́n ń retí ti pọ̀, owó option sì ti gun òkè. Ká sọ pé 100 dọ́là ni ṣíà náà, ó wá ra call tó ní iye àdéhùn 100, ó san 8 dọ́là. Ilẹ̀ mọ́, ìròyìn dára, ṣíà di 104. Ó fò sókè! Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láti ra ohun tó jẹ́ 104 ní 100 ò ju 4 dọ́là lọ, ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù sì ti kọjá, nítorí náà kò sẹ́ni tó fẹ́ san púpọ̀ lé e. Bóyá 4 dọ́là ààbọ̀ ló máa rí tà á. Òjò ti dá, agboòrùn ti pọ́. Kó tó lè jèrè níkẹyìn, ṣíà náà gbọ́dọ̀ kọjá 108. Ohun tó jẹ́ kó pàdánù ni pé 4 dọ́là péré ni ṣíà náà fi sún, ó sì ti san owó ìsúnkiri 8 dọ́là.

Torí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn béèrè kó tó ra option ni pé: mélòó ni wọ́n gbà pé ṣíà yìí máa mì, ṣé èmi náà gbà pé ó máa mì jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ẹni tó bá sì fẹ́ tà, ìbéèrè tiẹ̀ ni pé: tó bá mì ju bó ṣe tíì mì rí lọ, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣé owó tí mo yá wà nínú rẹ̀? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ò ṣòro rí: áàpù tí wọ́n fi ń ra option sábà máa ń gbé ìmì tí wọ́n ń retí sí ẹ̀gbẹ́ iye owó rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń fojú fò nìyẹn, torí ọfà aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa ni wọ́n ń wò.

Láti 1973 títí dòní, ọjà yìí ti tóbi kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yàrá ìfasìgá yẹn lè rò. Láti 2022, option kan wà lórí S&P 500 tó ń parí lójoojúmọ́ tí ọjà bá ṣí: ẹ lè rà á láàárọ̀, kó sì ti di òfo nírọ̀lẹ́. Ìṣirò ti pọ̀ sí i, ẹ̀rọ ti yára sí i. Ṣùgbọ́n nǹkan karùn-ún tí fọ́múlà ń béèrè ò tíì yí padà. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ólífì ní Miletus ò mọ̀ ọ́n, Long-Term ò mọ̀ ọ́n, àwọn tó ra XIV ò mọ̀ ọ́n. Ohun tó da àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé wọ́n wo bí nǹkan ṣe pa rọ́rọ́ lánàá, wọ́n sì fi díyelé ọ̀la.